Ríra gìtá àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Tokyo: ohun tí àwòrán kì í fi hàn

Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń wá Greco, Tokai tàbí Fender Japan (gìtá tí wọ́n ṣe ní Japan) ti àwọn ẹ̀wádún 1970 àti 1980, àdúgbò Ochanomizu tó kún fún ilé ìtajà gìtá ní Tokyo ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ yà sí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fún àwọn oníṣòwò ibẹ̀ tí mo ti bá rà ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún fún òtítọ́ nípa ojú gìtá. Ibi tí fánísì ti họ, bó ti wù kó kéré, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀. Fún ọ̀rọ̀ ọrùn, fírẹ́ẹ̀tì (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) àti ìwé àṣẹ igi, méjì péré ni mo fún wọn. Ohun tí ẹ kò bá bi wọ́n, wọn ò ní sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n wọn nǹkan fún yín. “Ó wà dáadáa” kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ béèrè gíga fírẹ́ẹ̀tì ní mìlímítà: bó bá ti wálẹ̀ ju 0.7 lọ, ẹ ti fi owó fírẹ́ẹ̀tì tuntun kún iye rẹ̀ nìyẹn. Ẹ béèrè àlàfo tó wà láàárín okùn àti fírẹ́ẹ̀tì kejìlá. Nǹkan bíi 1.6 fún okùn tín-ín-rín àti 2.0 fún èyí tó nípọn jù ló bá ọwọ́ mu. Lẹ́yìn náà, irin inú ọrùn: ṣé ó ṣì ń yí? Bí wọ́n bá ti yí i dé òpin tí ọrùn ṣì tẹ̀ síwájú, ẹ fi gìtá yẹn sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ Fender tàbí Gibson ti Amẹ́ríkà ni, ẹ béèrè àwòrán inú rẹ̀ kí ẹ lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nọ́ńbà wà lára pọ́ọ̀tì tó ń gbé ohùn sókè sódò: 137 ni ti CTS, 304 ni ti Stackpole, ilé iṣẹ́ méjì tó ń ṣe pọ́ọ̀tì. 1376612 túmọ̀ sí CTS, ọdún 1966, ọ̀sẹ̀ kejìlá. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe pọ́ọ̀tì ló sọ. Bí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó wáyà bá ṣì jẹ́ ti ilé iṣẹ́, gìtá kò lè dàgbà ju pọ́ọ̀tì inú rẹ̀ lọ. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà ẹ̀yìn orí Gibson nìkan, nítorí ní àwọn ọdún 1960 wọ́n lo nọ́ńbà kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Igi ló le jù. Bí ẹ bá rí “hakaranda” nínú àpèjúwe, ẹ dúró. Igi rosewood ilẹ̀ Bràsíìlì, Dalbergia nigra, ni àwọn ará Japan ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì ti wà ní Appendix I (ìpele tó le jù) nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó wà nínú ewu, láti 1992. Ní oṣù kọkànlá 2019, wọ́n yọ gìtá tí wọ́n ti ṣe parí kúrò nínú ọ̀ràn ìwé fún àwọn rosewood tó wà ní Appendix II, ìpele tó rọ̀ jù ìyẹn lọ. Ìtura yẹn ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò rántí, wọ́n sì gbàgbé pé ti Bràsíìlì kò sí nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé ìjáde lọ́wọ́ METI (ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òwò) ní Japan àti ìwé ìwọlé lọ́wọ́ APHA (àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlera ẹranko àti ewéko) níbí ní Britain, kí gìtá tó kúrò ní Tokyo. Fender ṣáájú 1966 àti Martin D-28 ṣáájú 1970 ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tó bá ní kí ẹ kàn kọ “rosewood” sórí ìwé, ẹ má rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹ̀yin lẹ máa pàdánù.

Owó ńkọ́? Gìtá £1,000 pẹ̀lú £120 owó ìfiránṣẹ́ á mú VAT 20% wá lórí àròpọ̀ méjèèjì: £224, ká tó fi owó ibodè (bó bá kàn án) àti owó iṣẹ́ agbẹ́rù kún un. Nínú nọ́ńbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń pín ọjà, gìtá tó ń lo iná wà lábẹ́ 9207, èyí tí kì í lò ó wà lábẹ́ 9202. Wọ́n máa ń ṣi í kọ. Ẹ má gbà kí wọ́n dín iye rẹ̀ kù lórí ìwé. Irọ́ ni níwájú òfin, iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà sì ni ìbánigbófò máa wò bí gìtá bá fọ́. Kírẹ́díìtì káàdì ni kí ẹ fi san án tààrà: apá 75 òfin Consumer Credit Act 1974 ń dáàbò bo ọjà tó ju £100 lọ títí dé £30,000, kódà lókè òkun. Bí ẹ bá gba PayPal kọjá, ààbò yẹn lè já.

Orí Gibson, àti Greco tó fara wé e, máa ń ṣẹ́ lọ́nà. Ó tẹ̀ sẹ́yìn, igi rẹ̀ jẹ́ mahogany, ìbátan ọ̀gánwó tiwa, wọ́n sì gbẹ́ ihò irin ọrùn síbi tó tín-ín-rín jù gan-an. Bí àpótí bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbàgà, ibẹ̀ ló ń kán. Ẹ ní kí wọ́n dẹ okùn díẹ̀, kí wọ́n ki fóòmù sábẹ́ orí náà, sórí rẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì títí kò fi ní lè mì, kí wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n tó lẹ páálí pa.

Bó bá dé nígbà òtútù, ẹ ya àwòrán ìta páálí, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ nínú ilé fún wákàtí 24 kí ẹ tó ṣí i. Fánísì nitro (irú èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ gìtá àtijọ́) tó tutù tí ooru bá lù lójijì máa ń là. Ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń ṣí i. Bí nǹkan bá sì ti ṣẹ́, ẹ má ju páálí àti fóòmù nù, nítorí agbẹ́rù á fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò kó tó san kọ́bọ̀.