Àbámodá àti Ọ̀dúndún: Èwo Ni Ó Yẹ Kí Ẹ Fowó Rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀dúndún lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ wò ó dáadáa. Èmi náà ti san owó ọ̀dúndún rí, tó jẹ́ pé àbámodá ni mo gbé délé. Àwọn méjèèjì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń pe àbámodá ní ẹrú ọ̀dúndún. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni ọ̀dúndún ti wá, ṣùgbọ́n erékùṣù Madagásíkà ni àbámodá ti ṣẹ̀.

Ewé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Méjèèjì ló nípọn, tí omi sì kún inú wọn, ṣùgbọ́n ewé ọ̀dúndún kì í pín, eyín etí rẹ̀ sì rí rìbìtì. Ewé àbámodá tó ti gbó sábà máa ń pín sí mẹ́ta tàbí márùn-ún lórí igi kan, ìlà pupa bí àlùkò sì máa ń yí etí rẹ̀ ká. Bí wọ́n bá ti tanná, ọ̀rọ̀ ti parí: òdòdó àbámodá ń rọ̀ sílẹ̀ bí agogo kékeré, ti ọ̀dúndún sì ń kọjú sókè.

Mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa ra àbámodá inú ìkòkò. Ẹ tọrọ ewé kan ṣoṣo tó gbó, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tútù lábẹ́ ìbòòji. Kò ní pẹ́ tí gbòǹgbò funfun bí òwú yóò fi yọ láti ààrin eyín etí rẹ̀, tí ewé méjì tín-ín-tín yóò sì tẹ̀ lé e. Mo tẹ́ ọ̀kan sójú fèrèsé láìsí iyẹ̀pẹ̀ kankan, ó sì hù síbẹ̀.

Ọ̀dúndún ni kí ẹ náwó lé: èyí tó ti ta gbòǹgbò, tí ìdí rẹ̀ le bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, nítorí èyí tó bá rọ̀, omi ti mú kó jẹrà.

Bí ẹ bá gbin àbámodá, inú ìkòkò ni kó wà, nítorí gbogbo ewé tó bá jábọ́ ló lè hù. Ẹ má sì gbé e síbi tí ewúrẹ́ tàbí màlúù lè dé: ó ní oró tó ń ba ọkàn ẹran jẹ́.