Oògùn apakoríko tí mo fi pa ẹ̀kan: ó ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù

Ẹ̀kan ló sún mi débẹ̀. Ilẹ̀ tí mo fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sí lọ́nà Ìsẹ́yìn, mo gbé e fún alágbàro lẹ́ẹ̀mejì (ẹ má béèrè iye tí wọ́n gbà), kí òjò kejì tó rọ̀ ẹ̀kan ti tún yọ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ni mo bá lọ ra oògùn apakoríko tí wọ́n ń pè ní glyphosate, lítà kan. Ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ fẹ́ yọ paraquat, oògùn apakoríko mìíràn, fún mi lábẹ́ káńtà, ó ní ìyẹn ló yá jù. Mo ní ṣebí NAFDAC ti fòfin dè é láti January 2024, ló bá rẹ́rìn-ín. Ewé lásán ni paraquat sì ń jó, gbòǹgbò á wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì ṣèèṣì gbé e mì, kò ní ẹ̀rọ̀ o.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọ́n oògùn mi, kò ṣe nǹkan kan, mo ti ń pariwo pé fèèkì ni, àfi bí bọ̀dá kan tó ń gbin àgbàdo ṣe bi mí pé omi wo lo fi pò ó? Omi odò tó rú ni. Wọ́n ní amọ̀ inú omi yẹn ló gbé agbára oògùn mì. Mo wá fi omi kànga tó mọ́ pò ó, ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ mi ò rí nǹkan kan, ìgbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì ẹ̀kan ti gbẹ, mo fà á tu, gbòǹgbò ti ń jẹrà. Níbẹ̀ yẹn, owó mi ò ṣòfò.

Àmọ́ atẹ́gùn gbé díẹ̀ lọ sórí ewédú ìyá tó bá mi pààlà, gbogbo ẹ̀ ló pọ́n. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé ká má fọ́n ọn tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, òyìnbó wínníwínní, ta ló ń kà á? Mo sanwó ewédú, mo tún dọ̀bálẹ̀, ojú ṣì ń tì mí.

Ebòlò tí ìyá mi máa ń já létí ilẹ̀ yẹn náà ò yọ mọ́, oògùn ò mọ èyí tó jẹ́ koríko yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ọbẹ̀, ní báyìí a ń fowó ra ebòlò lọ́jà, ìyá mi sì ń wò mí.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò, tẹ́ ẹ bá sì lò ó tán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lu ìgò ẹ̀ jálẹ̀, torí mo ti rí ẹni tó ń fi ta epo pupa.