Awò ojú aláàbọ̀ férémù: ó fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ ni kí ẹ wò

Ojú mi kì í rí ọ̀ọ́kán. Nọ́ńbà lẹ́ńsì mi nìyí: ọ̀tún gba −2.75, òsì gba −3. Bí mi ò bá wọ awò, ọkọ̀ BRT á ti dúró níwájú mi tán kí n tó mọ̀ bóyá TBS ló ń lọ. Láti girama ni mo ti ń lo férémù oníke, èyí tó nípọn tó sì yí lẹ́ńsì ká pátá. Ẹni tó bá ti wọ irú rẹ̀ nínú dánfó lọ́sàn-án gangan mọ ohun tí mo ń wí. Òógùn á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, á máa yọ̀ wálẹ̀ nímú, bí èèyàn bá sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Pankéèkì ńkọ́? Ìsàlẹ̀ férémù ló máa ń kó sí.

Bí mo ṣe yí sí aláàbọ̀ nìyẹn. Òkè lẹ́ńsì nìkan ni irin gbá mú, ìsàlẹ̀ wà lásán. Kì í ṣe lásán gidi ṣá o. Wọ́n gẹ́ kòtò tín-ín-rín sí etí lẹ́ńsì, okùn nylon kan bí okùn ìpẹja ló wọ inú rẹ̀, tó so lẹ́ńsì mọ́ irin òkè. Bí ẹ ò bá sún mọ́ ọn, ẹ ò ní rí i. Ẹ má sì fi wé irú èyí tí Malcolm X, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, máa ń wọ̀ nínú fọ́tò, ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ní Yunifásítì Ìbàdàn sọ ní Ọmọ́wálé lọ́dún 1964. Òkè tirẹ̀ dúdú, ó nípọn, ṣùgbọ́n wáyà irin wà nísàlẹ̀. Àwọn kan ń ta ìyẹn náà ní aláàbọ̀. Ẹ fi èékánná yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ irin lẹ bá, òun kọ́.

Tèmi jẹ́ titanium, àwọ̀ góòlù. Ní ọ́fíìsì wa ní Broad Street, àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń wà lójú mi, àpá pupa méjì tí oníke máa ń dá sí mi nímú sì ti lọ. Ibi tó ti tẹ́ mi lọ́rùn jù ni òde Sátidé. Apá férémù tó nípọn a máa bá gèlè jà lẹ́bàá etí. Bí wọ́n bá ti wé e le díẹ̀, orí fífọ́ dé nìyẹn kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá. Apá irin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí á rọra wọ abẹ́ gèlè, kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nínú fọ́tò, ojú mi ni wọ́n ń rí, kì í ṣe férémù.

Ẹ̀sùn tí mo ní wà lọ́rùn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́kọ́ ṣe é, ní Erékùṣù níbẹ̀. Kòtò tí wọ́n gẹ́ kò jìn tó. Mo wà lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Òṣòdì, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé báàgì, lẹ́ńsì ọ̀tún sì já bọ́. Ọlọ́run ló ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo dá a padà, wọ́n ní èmi ni mo ń fọwọ́ kan ṣoṣo bọ́ ọ.

Mo gbé e lọ bá bàbá kan ní Yábàá. Ó gbé etí lẹ́ńsì sábẹ́ iná, ó mi orí, ó ní àfi kí wọ́n tún kòtò náà gẹ́. Ó wá ki okùn tuntun bọ ihò kéékèèké tó wà lára irin òkè, ó gbé lẹ́ńsì sáyè rẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ kan ló fi kọ́ okùn náà, ó fà á wálẹ̀ gba abẹ́ lẹ́ńsì, ó ń wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀ láti igun kan sí èkejì títí okùn fi jókòó sínú kòtò, ó wá fa ríbọ́ọ̀nù yọ. Ó di lẹ́ńsì mú, ó fẹ́ yí i. Kò yí.

“Màdáàmù, èyí tó bá ń yí, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

“Ẹ ṣé o, Bàbá.”

Owó tó gbà kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ní Marina.

Ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì ni ẹ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ sí. Lẹ́ńsì àwa tí a kì í rí ọ̀ọ́kán, etí ló máa ń nípọn, àárín á tẹ́ẹ́rẹ́. Férémù kíkún á bo etí yẹn. Aláàbọ̀ á tú u fó. CR-39, lẹ́ńsì oníke lásán tí índẹ́ẹ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1.50, a máa yọ ẹnu nísàlẹ̀; bí índẹ́ẹ̀sì bá ṣe ga sí ni etí lẹ́ńsì ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí. 1.67 ni mo mú, ó wọ́n ju férémù lọ, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Polycarbonate, 1.59, kì í tètè fọ́, òun náà dára. Lẹ́ńsì gíláàsì gidi ni kí ẹ sá fún: ó wúwo, etí rẹ̀ a sì máa ṣẹ́ níbi kòtò. Wọ́n fẹ́ kí n gba blue cut, èyí tó ń dín iná aláwọ̀ búlúù kù, mọ́ ọn nítorí kọ̀ǹpútà. Mi ò gbà. Àgbéyẹ̀wò ọdún 2023 láti ọ̀dọ̀ Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ, kò sì rí i pé ó ń dín ojú dídùn nídìí kọ̀ǹpútà kù ju lẹ́ńsì lásán lọ. AR, ìbòrí tí kì í jẹ́ kí iná tàn padà lára lẹ́ńsì, ni mo sanwó fún, nítorí iná mọ́tò lálẹ́ lórí Third Mainland.

Ẹ tún wo nọ́ńbà tó wà nínú apá férémù. Tèmi ni 52-17-140: fífẹ̀ lẹ́ńsì kan, àlàfo orí imú, gígùn apá, gbogbo rẹ̀ ní mìlímítà. Ẹ mú èyí tó ní rọ́bà imú tó ṣeé tẹ̀, kí wọ́n lè tún un ṣe bá imú yín. Ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé a máa kó sídìí rọ́bà náà. Ọṣẹ àti omi tútù á mú un kúrò. Rọ́bà fúnra rẹ̀ á pọ́n tó bá yá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Màá tún òmíràn rà. Àmọ́ ọmọ mi ọkùnrin ti ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe irú rẹ̀ fún òun, mo sì ti sọ fún un pé oníke kíkún ló máa lò títí dìgbà tó bá yéé fi ojú gba bọ́ọ̀lù.