Narrator inú Windows: mo bu ẹnu rẹ̀ kù, ó wá ṣeé lò

Láàárín àwa tí a kì í fojú lo kọ̀ǹpútà, Narrator, ètò inú Windows tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, kì í sábà gba ìyìn. Láti ìgbà Windows 2000 ló ti wà níbẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n mọ́ ni kó bá wa sọ̀rọ̀ títí a ó fi rí NVDA tàbí JAWS, àwọn ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, fi sórí ẹ̀rọ. Ọ́fíìsì tí mo wà ní Abuja níbí ni kò jẹ́ kí n lè ṣe bẹ́ẹ̀: òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà wọn láìgba ìwé àṣẹ, ìwé ọ̀hún kì í sì í tètè jáde. Ohun tó bá bá kọ̀ǹpútà wá ni wàá lò. Narrator ni mò ń lò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.

Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì Windows, Ctrl àti Enter pọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ tún wọn tẹ̀, yóò dákẹ́. Ohun tó gbé e ga lójú mi ni pé ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí Windows ti ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ó sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi Windows tuntun sórí ẹ̀rọ. Láyé ijọ́sí, bí láptọ́ọ̀pù mi bá ti dé ọwọ́ àwọn tó ń tún un ṣe ní Wuse, ojú olójú ni mo fi ń ríran nìyẹn. Àbúrò kan, ọmọ Ìlọrin, ló bá mi tún un ṣe kẹ́yìn. Mo ní kó gbé e fún mi, kí n ṣe èyí tó kù fúnra mi. Nígbà tó gbọ́ ohùn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ pè?” Gbogbo ohun tí Windows béèrè, èdè, Wi-Fi, orúkọ, èmi ni mo dá a lóhùn níbẹ̀.

Ẹnu ni ìṣòro rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e wá, ó ń sọ gbogbo ohun tó bá bá pàdé: pé bọ́tìnì ni, pé línkì ni, pé ìkejì nínú márùn-ún ni, bí ìyá ìyàwó tó wá kí ọmọ tuntun. Èyí ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá. Ẹ tẹ Windows, Ctrl àti N, ibi ètò rẹ̀ ló máa ṣí. Mo kọ́kọ́ pa Narrator Home, ojú ìwé ìkíni rẹ̀ tó máa ń yọjú nígbàkígbà tí ẹ bá tan án. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó má pe lẹ́tà tí mo bá ń tẹ̀ mọ́, kó máa pe odindi ọ̀rọ̀ nìkan. Caps Lock àti Insert ló ń jẹ́ bọ́tìnì Narrator. Insert nìkan ni mo fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ wá Fn kiri kí ẹ tó rí Insert tẹ̀, Caps Lock ni kí ẹ mú. Tí ẹ bá wá fẹ́ lẹ́tà ńlá, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá.

Àmọ́ inú verbosity, ìyẹn bí àlàyé rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìpele 5 ló ní, 3 ni wọ́n gbé e sí. Ẹ di Insert mú kí ẹ tẹ V, yóò máa yí ìpele padà. Ní ìpele 1, ọ̀rọ̀ lásán ló ń kà; ní 5, ó ń sọ bí lẹ́tà ṣe rí. Ìpele 2 ni mo fi ń ka ímeèlì. Tí mémò bá ń lọ sọ́dọ̀ dírẹ́kítọ̀, mo máa ń gbé e lọ sí 5 kí n tó fi ránṣẹ́, torí bí ìdajì ìwé bá wà ní bold, lẹ́tà tó nípọn, etí kò lè mọ̀ ọ́n ní ìpele 2. Mi ò rí ẹni tó sọ èyí fún mi rí, ó sì wúlò ju gbogbo àwọn ètò yòókù lọ.

Ní ti ohùn, Windows 11 ní àwọn tó ń dún bí èèyàn: Jenny, Aria, Guy. Ẹ máa fi dátà gbà wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà wọn ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Jenny ni mo fi ń ka ìwé gígùn. Tí mo bá fẹ́ kó sáré, David àtijọ́ ló tẹ́ mi lọ́rùn. Kò dùn, ṣùgbọ́n ó já gaara.

Ohùn Yorùbá kò sí níbẹ̀. Èyí dùn mí ju ẹnu púpọ̀ rẹ̀ lọ. Tí àǹtí mi bá kọ ìwé sí mi láti ilé, ahọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kà á, bí wọ́n bá sì ṣe fi àmì sí i dáadáa tó ni kíkà rẹ̀ ṣe ń bàjẹ́ tó. Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ á di wẹ́wẹ́ kó tó dé etí mi. Mo ti bẹ àǹtí pé kí wọ́n má fi àmì sí i mọ́, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí wọ́n fi fẹ̀yìntì! Wọn ò gbà, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Mò ń fi bọ́tìnì ọfà ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Insert pẹ̀lú spacebar ló ń tan scan mode, èyí tó ń jẹ́ kí lẹ́tà kan ṣoṣo máa gbé yín káàkiri ojú ìwé: H gbé yín lọ sí àkọlé, K sí línkì, B sí bọ́tìnì. Insert àti F7 á kó gbogbo línkì sójú kan. Nínú Edge, aṣàwárí Microsoft, ó ń lọ geere. Ìkànnì tí ẹni tó ṣe é kò fún bọ́tìnì lórúkọ, “button” lásán ni yóò máa pè, ẹ̀bi Narrator kọ́ nìyẹn. Ó tún lè sọ ohun tó wà nínú àwòrán bí ẹ bá tẹ Insert, Ctrl àti D, àmọ́ ọ̀dọ̀ Microsoft ló ń fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí kó tó dáhùn. Mi ò jẹ́ fi ìwé ọ́fíìsì dán an wò.

Nílé mi ní Kubwa, NVDA ni mò ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, Michael Curran bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 2006, àwọn aṣàmúlò sì ti ṣe oríṣiríṣi àfikún sí i tí Narrator kò ní. JAWS lágbára, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n ń tà á. Ẹ má tan méjì pọ̀, wọ́n á máa jà lórí ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèpàdé lórí Teams, ẹ wá ibi tó ti ń rẹ ohùn àwọn áàpù yòókù sílẹ̀ nígbà tí Narrator bá ń sọ̀rọ̀, kí ẹ pa á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn ọ̀gá yín ni yóò máa wálẹ̀ nígbàkígbà tí ímeèlì bá wọlé.