Pelódà oníbíríkì tó ń fi atẹ́gùn gbẹ́rù: mo rà á ní Ṣàbó, ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí

Kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, torí tí n ò bá sọ ọ́ ẹ máa ní kí ló kan bàbá olóbàbá pẹ̀lú ohun ìṣeré ọmọdé. Fọkanáísà ni mí. Ọdún 17 rèé tí mo ti ń lẹ táyà létí títì ní Ìkòròdú níbí, láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì BRT ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ mi ló ń jí ọ̀pọ̀ ará àdúgbò láàárọ̀, wọ́n ti bú mi títí ó ti sú wọn. Atẹ́gùn ni mò ń tà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọbìnrin inú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣàbó gbé páálí pelódà ìṣeré kan sílẹ̀, irú èyí tí èèyàn máa ń fi ẹyọ rọ́bà kéékèèké tò fúnra ẹ̀, tó ní "bọ̀dá, èyí ò lo bátìrì o, atẹ́gùn ló fi ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè", ẹsẹ̀ mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Báàgì iléèwé la wá rà fún Fárúkù ọmọ mi lọ́jọ́ yẹn. Báàgì yẹn, a ò tíì rà á títí dòní, ìyá ẹ̀ ṣì ń bá mi jà lórí ẹ̀.

₦45,000 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, mo ní 25, wọ́n rẹ́rìn-ín, a jọ ná an títí ó fi jábọ́ sí 38,500. Ẹyọ 1,086 ni wọ́n kọ sára páálí. Tẹ́ ẹ bá mọ LEGO, ẹ ti mọ irú nǹkan tí mò ń sọ nìyẹn, àwọn ará Denmark tó wà nílùú Billund, láti 1932 ni wọ́n ti ń bá a bọ̀, igi ni wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ fi ń ṣe ohun ìṣeré kí wọ́n tó bọ́ sórí rọ́bà, bíríkì wọn tó ń há mọ́ra láìsí gọ́ọ̀mù yìí, 1958 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ ẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe nígbà náà ṣì ń há mọ́ èyí tí wọ́n ṣe lánàá. Wọ́n ní ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ Technic, òun ló ní jíà àti ọ̀pá, 1977 ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó di 1984 ni wọ́n ki atẹ́gùn bọ̀ ọ́. Ní 2016 wọ́n ṣe Volvo kan, EW160E, katapílà onítáyà tó ń gbẹ́lẹ̀, ẹyọ 1,166, atẹ́gùn ló ń gbé ọwọ́ ẹ̀. Mo wo owó ẹ̀ lórí fóònù, mo bá rọra gbé fóònù sílẹ̀. Tèmi kì í ṣe ti LEGO o kí n má purọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ti Ṣáínà wá ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù náà mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí bí mo ṣe fẹ́ yìn wọ́n náà ni mo fẹ́ bú wọn.

Òru mẹ́ta la fi tò ó. Ọ̀rá mẹ́fà ló wà nínú páálí, wọ́n kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé tó bá a wá ò ní ọ̀rọ̀ kankan, àwòrán ni látòkè délẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, Fárúkù jẹ́ ọmọ ọdún 11, èmi jẹ́ ẹni ọdún 44, àwòrán ò ṣojúsàájú ẹnì kankan nínú wa. Ìyá Fárúkù yá wa ní àtẹ tó fi ń ṣa ẹ̀wà, ó ní tí ẹyọ kan bá ṣèèṣì bọ́ sínú ẹ̀wà òun, àwa la máa jẹ ẹ́. Iná lọ lóru àkọ́kọ́, la bá fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ń ṣe é, lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì yẹn ni mo sì ti ṣe àṣìṣe tó jẹ gbogbo òru kejì wa. Píìnì tó ń so àwọn ọ̀pá pọ̀, oríṣi méjì ni, dúdú àti eléérú, lóru ọ̀kan náà ni wọ́n lójú èèyàn. Ṣùgbọ́n dúdú ní ìlà kékeré kan tó yọ lára ẹ̀ tó ń jẹ́ kó há pinpin, eléérú ń yọ̀, ibi tó gbọ́dọ̀ máa yí ni wọ́n ń fi í sí. Dúdú ni mo kì bọ oríkèé apá pelódà níbi mẹ́rin tó yẹ kó jẹ́ eléérú, apá bá le gbagidi bí ọwọ́ ẹni tí wọ́n di símẹ́ǹtì fún ní ọsibítù. Fárúkù ló rí i, ó ní "Dádì, ẹ wo tinú ìwé, kì í ṣe èyí." Mo kọ́kọ́ jiyàn pé ìwé ló ṣàṣìṣe. Kò pẹ́ tí mo gbà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi atẹ́gùn, torí ibẹ̀ ni mo torí ẹ̀ sanwó.

Pọ́ǹpù kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì máa ń wà lára pelódà gidi. Ó ní sípíríìnì, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, òun fúnra ẹ̀ ló máa padà sókè. Láti ibẹ̀, hóòsì tó tínrín bíi wáyà ṣájà lọ sí fáàfù méjì, láti fáàfù ó lọ sí sílíńdà mẹ́ta, méjì ń gbé apá, ẹyọ kan ń yí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní ẹnu méjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, tí atẹ́gùn bá gba ìsàlẹ̀ wọlé á ti ọ̀pá inú ẹ̀ jáde, tó bá gba òkè á tì í padà sínú. Fáàfù ló ń sọ ẹnu tó máa gbà. Ẹ tì í síwájú, apá á gòkè, ẹ fà á sẹ́yìn, apá á wálẹ̀, ẹ fi í sáàárín, gbogbo ẹnu á tì, apá á dúró síbi tó wà. Atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ kejì tí kò níṣẹ́ mọ́ á gba inú fáàfù jáde, ẹ máa gbọ́ "fììì", ohùn tí mò ń gbọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nídìí táyà. Ọmọ iṣẹ́ mi tó wá kí wa gbọ́ ọ, ó ní "ọ̀gá, ẹ ti gbé ṣọ́ọ̀bù wá sílé."

Kì í lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ o, kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ máa tẹ pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹfà ló máa fò sókè lójijì bí àgbò tó já okùn. Àwọn kan á ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò bàjẹ́. Atẹ́gùn ṣeé fún pọ̀ ni, bẹ́ ẹ ṣe ń tì í ó ń sún mọ́ra wọn ó ń kó agbára jọ, rọ́bà inú sílíńdà sì há díẹ̀, ó ń di ọ̀pá yẹn mú, ìgbà tí agbára bá ju híhá yẹn lọ ló máa tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá tún ṣí fáàfù méjèèjì papọ̀, èyí tí ẹrù ẹ̀ fúyẹ́ ló máa kọ́kọ́ lọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì á ti yí tán kí apá tó rántí pé iṣẹ́ wà.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń wa pelódà níbi tí wọ́n ti ń ta yanrìn ní Májídùn, oníbàárà mi ni, ó bá wa nídìí ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó jókòó sórí táyà, ó gbà á lọ́wọ́ Fárúkù, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní tí apá ti òun bá ń fò báyìí, onítípà á ti sá fi mọ́tò sílẹ̀. Ó ní ọ́ìlì ló wà nínú hóòsì ti gidi, ọ́ìlì ò ṣeé fún pọ̀ bí atẹ́gùn, bẹ́ ẹ bá ṣe tì í níbí ló ṣe máa lọ lọ́hùn-ún, ẹ lè gbé yanrìn dání sókè kẹ́ ẹ sì dúró kí típà wọlé sábẹ́ ẹ̀. Fárúkù ò gbà. Ó ní kí ló dé tí bíréèkì tírélà wá jẹ́ atẹ́gùn nígbà náà, ṣé tírélà ò wúwo ju pelódà lọ ni? Ẹ̀gbọ́n wo ojú mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹnu sọ̀rọ̀, torí ojú mi ló ń ṣe. Atẹ́gùn wà níta lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá jò díẹ̀ lójú ọ̀nà, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ara ẹ́ńjìnnì á fa òmíràn, ọ́ìlì tó bá jò ti lọ nìyẹn. Tí atẹ́gùn bá tán pátápátá, sípíríìnì ńlá kan ló ń bọ́ síbẹ̀ tó máa di táyà mú, ohun tó fà á rèé tẹ́ ẹ fi ń rí tírélà tó jókòó sáàárín títì tí kò ṣeé tì, tí gbogbo Ìkòròdú wá dúró sẹ́yìn ẹ̀.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ fífún pọ̀ yẹn ò yé Fárúkù. Mo bá rán an lọ sí kẹ́míìsì, kó ra sírínjì méjì láìsí abẹ́rẹ́. A fa omi sínú ọ̀kan, a fi atẹ́gùn sílẹ̀ nínú ìkejì, mo ní kó fi ìka dí ẹnu ẹ̀ kó wá tẹ̀ ẹ́. Ti atẹ́gùn wọlé dé ìdajì, ó sì tì í lọ́wọ́ padà. Ti omi ò mira, ó tẹ̀ ẹ́ títí ojú ẹ̀ fi pọ́n. Ó ní "háà". Láti ọjọ́ yẹn gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń wá fi sírínjì wọn omi síra wọn lára nínú ilé mi.

Ní báyìí, ibi tí wọ́n ti jẹ wá níyà. Ọ̀rá kẹrin. Ó yẹ kó ní T mẹ́ta, ìyẹn rọ́bà ẹlẹ́nu mẹ́ta tó ń pín atẹ́gùn sọ́nà méjì, méjì la bá nínú ẹ̀. Láìsí T kẹta, sílíńdà kan nínú méjì tó ń gbé apá ò ní rí atẹ́gùn gbà, pelódà á wá dà bí ẹni tó rọ lápá kan. Mo gbé e padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá wọn ní òun ò lè torí T kan tú páálí mìíràn, kí n dúró kí ọjà tuntun dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dúró, mo pè, wọn ò gbé e, mo lọ, wọ́n ní ọ̀gá ò sí nílé. Ohun tó bí mi nínú ò ju ìyẹn lọ, owó T yẹn ò tó owó ọkọ̀ tí mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀. Mo bá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò fún àwọn tó ń sin ẹja, wọ́n ní T tí wọ́n fi ń pín atẹ́gùn sínú omi fún ẹja, ₦200. Ó tóbi ju hóòsì wa lọ díẹ̀. Mo ki ẹnu hóòsì bọ omi gbígbóná, ó dẹ̀, mo tì í wọ̀ ọ́, nígbà tó tutù ó há mọ́ ọn, ó wà níbẹ̀ di àkókò yìí.

A rò pé ó parí. Tá a bá gbé apá sókè, á dúró díẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba, ká tó ka ogún ó ti délẹ̀. Ẹlòmíràn á ti jù ú sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi po omi ọṣẹ sínú agolo mílíìkì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sí gbogbo ẹnu hóòsì bí mo ṣe ń ṣe fún táyà tá ò bá rí ojú ibi tó ti ń jò, mo ní kí Fárúkù máa tẹ̀ ẹ́. Ibi mẹ́ta ló ń hó. Ẹnu hóòsì tí wọ́n gé wọ́lọwọ̀lọ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni, kò jókòó dáadáa. Mo fi bíléèdì tuntun gé ẹnu ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tẹ́jú, mo tún un tì wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, a gbé apá sókè ká tó lọ kírun Ìṣáà, nígbà tá a dé, ó ṣì wà lókè.

Ẹ má ki ẹnu kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bọ̀ ọ́ o. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á fẹ́ dán an wò torí pọ́ǹpù yẹn ń dun èèyàn ní àtàǹpàkò. Ọmọ iṣẹ́ mi dán an wò lẹ́yìn mi, atẹ́gùn tí kò tó èyí tá a fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ Márúwá, hóòsì já, ó na án létí. Ó sọ fún mi pé ẹ̀fọn ni.

Bó ṣe ń yí náà dáa. Pelódà gidi kì í yí táyà iwájú bíi ti mọ́tò, ìbàdí ló fi ń ṣẹ́, èyí náà ìbàdí ló fi ń ṣẹ́, ẹ yí kinní kékeré kan lórí òrùlé ẹ̀, jíà inú ẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ láàárín. Ẹ̀gbọ́n Májídùn ò rí ohun kankan bú níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ náà ń gòkè ń sọ̀ tẹ́ ẹ bá tì í nílẹ̀. Táyà ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Rọ́bà rírọ̀ ni, eyín ẹ̀ jinlẹ̀, inú ẹ̀ ṣófo, kò gba atẹ́gùn. Gbogbo nǹkan tó gba atẹ́gùn lára ẹ̀, táyà nìkan ni kò gbà á. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Tí ọmọ yín ò bá tíì tó ọdún mẹ́sàn-án, ẹ má rà á fún un tí ẹ ò bá ní jókòó tì í, àwọn píìnì yẹn kéré, wọn ò sì dáa fún ilé tí ọmọ tó ń rákò wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n ṣí páálí lójú yín, ẹ mú ọ̀rá kẹrin, ẹ ka T inú ẹ̀. Wọ́n máa bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. 38,500 ò wọ́n fún un lójú mi, ọjọ́ tí T ò pé yẹn nìkan ló dà bíi pé wọ́n jà mí lólè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún gba iwájú wọn kọjá. Ọmọbìnrin yẹn pè mí wọlé, ó ní kéréènì ti dé, sílíńdà márùn-ún, ₦72,000. Mo ní kí Iléyá kọjá ná. Mo ṣáà bá wọn ka T inú ẹ̀ kí n tó jáde. Ó pé.