Oṣù méje pẹ̀lú dapagliflozin lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn

Ẹni tó bá ti wọ Síẹ́nà mi láti Ifẹ̀ lọ sí Ìbàdàn láàárín oṣù méje yìí á ti mọ̀ pé mo máa ń dúró. Mo máa ń dúró ní Gbọ̀ngán, mo máa ń dúró kí a tó kan afárá Aṣéjirè, nígbà míì mo tún máa ń yà ní Wásìnmi láàárín méjèèjì. Ìyá àgbà kan bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Dírẹ́bà, ṣé ọkọ̀ ló ń gbóná ni, àbí ìwọ?" Èmi ni, Màmá. Oògùn tuntun ni.

Oògùn náà, dapagliflozin tí wọ́n fún mi fún àtọ̀gbẹ, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, òun àti fámásì kékeré tí mo ti ń rà á ní Lágere. Dírẹ́bà ni mí, èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo mọ̀, ẹnu dókítà àti apòògùn ni mo ti gbọ́ ọ, ara mi ló kọ́ mi ní ìyókù.

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti àtọ̀gbẹ ti jọ ń bára wa yí. Metformin ni mo fi bẹ̀rẹ̀, oògùn àgbà, àwọn ará Faransé ti ń lò ó láti 1957. Nígbà tó yá, wọ́n fi glibenclamide kún un. Ó ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró: bí oúnjẹ bá pẹ́, á ṣì máa fa ṣúgà wálẹ̀ náà ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti gbé e mì, èrò ò tètè kún, mi ò sì tíì fi nǹkan kan sẹ́nu. Bí a ṣe ń wọ Ìkirè ni òógùn tútù bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí sítíárìn, ìlà funfun àárín títì ń di méjì. Mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó níwájú gba mínírà lójú fèrèsé, ó gbé e fún mi. Obìnrin kan já ọ̀rá dòdò Ìkirè, ó kó o sí mi lọ́wọ́. Dòdò tí mo ti ń sá fún láti ọdún mọ́kànlá, ọjọ́ yẹn ni mo jẹ ẹ́ tẹ́rùn.

Nígbà tí mo rò ó fún dókítà ní OAUTHC, ọ́sípítù ńlá Yunifásítì Ifẹ̀, bírò rẹ̀ dúró lórí ìwé. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọmọ ọlọ́mọ!" Ó fagi lé glibenclamide. Ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wo kíndìnrín ná. Ìgbà tí èsì dé ló tó kọ dapagliflozin 10 mg fún mi, ẹyọ kan lóòjọ́, pẹ̀lú metformin mi. Ó ní èyí kì í sábà fa ṣúgà wálẹ̀ jù, bí kò bá ti sí glibenclamide tàbí ínsúlínì pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwé yẹn ni mo gbé lọ sí Lágere. Mo rò pé wọn á ju páálí sí mi, kí n sanwó, kí n máa lọ. Ọmọbìnrin apòògùn tó wà níbẹ̀ fa àga jáde fún mi. Ó ní, "Dádì, ẹ jókòó, èyí ò jọ èyí tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀." Ó tó ìṣẹ́jú ogún tí mo fi jókòó, àwọn tó fẹ́ ra parasitámọ́ọ̀lù ń kùn lẹ́yìn mi.

Ohun tí mo lóye nínú àlàyé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi èdè gáréèjì sọ ọ́. Kíndìnrín máa ń sẹ́ ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà á tún kó o padà, bíi kọndọ́ tó ń sáré tẹ̀ lé èrò tó ti sọ̀, tó ń fà á padà sínú ọkọ̀. Oògùn yìí á di kọndọ́ náà lápá mú. Èrò tó bá ti sọ̀, ó ti sọ̀ nìyẹn: inú ìtọ̀ ló ń bá lọ, omi á sì tẹ̀ lé e. Ìdí tí mo fi ń dúró ní Gbọ̀ngán nìyẹn.

Oṣù kìíní 2014 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àtọ̀gbẹ. Ní 2020 wọ́n fọwọ́ sí i fún àwọn tí ọkàn wọn ò lágbára mọ́, ní 2021 fún àìsàn kíndìnrín. Lójú metformin, ọmọ àná ni. Àmọ́ orírun rẹ̀ ti pẹ́: láti ara èèpo gbòǹgbò igi ápù ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti kọ́kọ́ yọ baba ńlá rẹ̀, phlorizin, ní 1835. Ìyàwó mi, ẹni tó mọ àgbo sè, rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní, "Ṣebí èèpo igi náà ni."

Òun kan náà ló figbe ta lọ́sẹ̀ kẹta. Àwọn bàbá wa, èèrà ni mítà wọn: níbi tí èèrà bá ti bo ìtọ̀ ẹni, àtọ̀gbẹ ti wọlé. Ẹ̀yìnkùlé wa kún fún èèrà. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré lọ sí ilé àyẹ̀wò kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ti bébà bọ inú ìtọ̀ mi, àmì àròpọ̀ mẹ́rin: ṣúgà kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀gbẹ́ni ibẹ̀ wo ojú mi bí ẹni ń wo òkú, ó ní kí n máa lo oògùn àtọ̀gbẹ mi ní méjì lójúmọ́. Kò bi mí pé oògùn wo ni mò ń lò.

Mo dúpẹ́ pé mo gba Lágere kọjá. Apòògùn gún mi níka, mítà sọ pé 128 mg/dL, kò burú. Ó ní, "Dádì, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń lo oògùn yìí, ìtọ̀ yín ò lè jẹ́rìí mọ́. Ṣúgà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ibẹ̀ la ní kó gbà jáde. Ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bi." Ó kọ orúkọ oògùn náà sí páálí kékeré kan, ó ní kí n máa fi í han ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yẹ̀ mí wò. Ó ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì mi, lẹ́yìn láísẹ́ǹsì.

Ìbéèrè kan wà tí apòògùn bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mi ò retí: "Ṣé ẹ máa ń gbààwẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ mẹ́ta gbáko níbẹ̀rẹ̀ ọdún, láìfomi kan ẹnu. Ó mi orí. Ó ní bí oúnjẹ ò bá wọlé tí oògùn yìí sì ń da ṣúgà síta, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á kan bí ògì. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé mítà lè máa sọ pé gbogbo nǹkan dáa nígbà tí èèyàn ń kú lọ: èébì, inú rírun, mímí gúlegúle. Bí mo bá ń bì tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe mí tí n ò lè jẹun, kí n dá a dúró, kí n pe dókítà. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni kí n ti dá a dúró. Paraga ńkọ́? Ojú tó fi wò mí ti tó. Ní ti ààwẹ̀, mo lọ bá pásítọ̀. Ó ní kí n máa jẹun, kí n máa gbàdúrà.

Èyí tí àwa ọkùnrin kì í sọ: lóṣù kejì, abẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ṣúgà tó ń gba ibẹ̀ kọjá ni irú olú kéékèèké tí ojú ò rí, tó ń fa yíyún, ń jẹ. Ìpara ọ̀sẹ̀ kan ló pa á, àti kí n máa fomi ṣan ara kí n sì nù ún gbẹ lẹ́yìn ìtọ̀. Àwọn obìnrin ni ó máa ń yọ lẹ́nu jù, ẹ má tijú. Ní 2018, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ó lè di egbò burúkú tó ń jẹ ẹran ara lábẹ́. Kì í wọ́pọ̀ rárá, àmọ́ bí ibẹ̀ bá wú, tó ń dùn yín, tí ibà wà pẹ̀lú rẹ̀, ọ́sípítù ni, kì í ṣe ìpara.

Ní tèmi, ṣúgà àárọ̀ tó ti máa ń lé ní 190 ti wà ní nǹkan bí 120. Bẹ́líìtì mi ti sún ihò méjì sẹ́yìn. Òòyì máa ń kọ́ mi díẹ̀ bí mo bá dìde lójijì nígbà ọyẹ́, torí náà mo ń mu omi, omi yẹn ló ń dá mi dúró ní Wásìnmi. Mo fara mọ́ ọn. Èrò tó ń bínú pé mo dúró ṣì sàn ju èrò tí mo gbé wọ igbó.

Owó ni ìjà tí mo bá a jà. Ìlọ́po mẹ́rin owó metformin ni mò ń san lóṣù. Fámásì náà ní àbùkù tirẹ̀: wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, oògùn tán lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì, bí èrò bá sì pọ̀, ẹ ó dúró pẹ́ torí pé irú ìjókòó tí ó fún mi náà ló ń fún ẹlòmíì. Mo fún oògùn ní méje nínú mẹ́wàá. Mo fún ọmọbìnrin yẹn ní mẹ́sàn-án.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń polówó oògùn wọ ọkọ̀ mi ní gáréèjì, ọ̀rá funfun lọ́wọ́, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ó ní oògùn àtọ̀gbẹ tuntun láti òkè òkun ni, èyí tí wọ́n fi ń tọ ṣúgà dànù. Ìyá kan ti tú ìṣẹ́po aṣọ. Mo yíjú padà, mo ní, "Ọ̀gá, lọ́jọ́ tí Màmá ò bá lè jẹun, kí ni kí wọ́n ṣe sí i?"

Ó ní kí wọ́n lo méjì.

Mo ní kó sọ̀. Èmi náà sọ̀ tẹ̀ lé e, mo lọ sẹ́yìn ògiri gáréèjì kí a tó gbéra.