Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra kíìtì P-38: páálí Tamiya ni, ìdọ̀tí ló wà nínú ẹ̀

Ẹ̀yin tèmi tẹ́ ẹ̀ ń to bàálù oníplásítíìkì, yálà Lọ́ńdọ̀nù lẹ wà o, Manchester, Ìbàdàn àbí Houston, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà níbí nílùú ọba tó ń ta kíìtì, ìyẹn páálí tí páàtì bàálù wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ máa tò fúnra yín, ti àwọn bàálù ogun onírù méjì, P-38 Lightning, OV-10 Bronco, Noratlas, kò sí èyí tẹ́ ẹ máa béèrè tó máa sọ pé kò sí lọ́wọ́ òun, gbogbo ẹ̀ náà ló sì máa ń ní "sealed" ni, wọn ò tíì ṣí i rárá. Yorùbá ni. Ó máa kí yín dáadáa, á pè yín ní ẹ̀gbọ́n òun, á ní ọmọ ilé ni gbogbo wa, òun ò lè fi òyìnbó ṣe tiwa. Gbájúẹ̀ ni. Mi ò kọ orúkọ ẹ̀ síbí torí ó ti pààrọ̀ ẹ̀ látìgbà tọ́rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, tí mo bá kọ ti àná sílẹ̀ ẹ máa rò pé ẹlòmíì lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ọgbọ́n tó ń dá ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ṣeré yìí ń gbé n'Íbàdàn, ó ti ń wá P-38 ti Tamiya, ilé iṣẹ́ Japan tó ń ṣe kíìtì, 1/48 (ìyẹn ni pé gígùn bàálù gidi jẹ́ ìlọ́po 48 tiẹ̀), P-38F/G tí wọ́n gbé jáde ní 2019 yẹn. Ti G ló wù ú jù torí irú ẹ̀ làwọn ará Amẹ́ríkà fi já bàálù tó gbé Admiral Yamamoto, ọ̀gá ogun ojú omi Japan, bọ́ ní April 18, 1943, ẹ̀gbọ́n yìí sì lè jókòó sọ ìtàn ogun Pacific fún yín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó bá gbájúẹ̀ yìí pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, £45 lọ̀gá pè é, àbúrò ẹ̀gbọ́n tó wà ní Leeds bá wọn fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì sí báǹkì, wọ́n wá ní kí wọ́n fi ẹrù ṣọwọ́ sílé mi torí èmi ni mò ń lọ sílé ní December.

Ẹrù dé lóòótọ́. Páálí Tamiya gidi ni, kò ya, kò tẹ̀, náílọ́ọ̀nù tó le dan-in-dan-in ni wọ́n fi wé e. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n pé "ẹ má ṣí i o, ẹ̀gbọ́n mi, tẹ́ ẹ bá ti lè já náílọ́ọ̀nù ara ẹ̀ báyìí owó ẹ̀ ti wálẹ̀ nìyẹn, ẹ kàn gbé e pamọ́." Ibi tí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ dúró lé rèé. Ó mọ àwa èèyàn wa dáadáa, ó mọ̀ pé bí a bá ra kíìtì a máa ń kó o jọ sórí wọ́dúróòbù ni, ọdún á gorí ọdún, èyí tá a rà lánàá gan-an a ò tíì kàn án, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wá rántí ṣí i, ta lẹ fẹ́ lọ bá jà? Ti àwa tá à ń rà á fún ará ilé tún wá burú jù, torí ẹni tó gba ẹrù níbí kì í mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, á kàn kì í bọ bàgì ni, ó lè di oṣù mélòó kan kí ẹni tó ni ín tó rí i.

Ohun tó tú u fó ni àyè bàgì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé 23 kilo ni wọ́n ń fún èèyàn fún bàgì kan, páálí kíìtì ò sì wúwo, afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀, àyè ló ń jẹ. Èmi máa ń kó gbogbo sprue jáde ni, ìyẹn férémù tí àwọn páàtì so mọ́, màá tò wọ́n sáàárín aṣọ, màá wá tẹ páálí ẹ̀ pẹlẹbẹ sísàlẹ̀ bàgì. Ni mo bá já náílọ́ọ̀nù.

Háà.

Fún ẹni tí kò mọ P-38, kì í ṣe bàálù tó ní ara kan gbọọrọ tí ìrù ẹ̀ wà lẹ́yìn o. Ilé kékeré kan ló wà láàárín tí awakọ̀ ń jókòó sí, ìbọn wà nímú ẹ̀, ara gígùn méjì wá wà lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ́ńjìnnì ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ gbọọrọ dé ẹ̀yìn kí pákó ìrù tó dábùú so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ti to irú ẹ̀ rí mọ̀ pé ibẹ̀ niṣẹ́ wà, tí apá ọ̀tún bá fi díẹ̀ ga ju tòsì lọ, pákó ẹ̀yìn yẹn ò ní jókòó, gúlù tó wù kẹ́ ẹ fi sí i. Nínú páálí tá a gbà yìí, ara gígùn ti ọ̀tún, àwọn ìlà ara ẹ̀, ìyẹn ibi tí páànù bàálù ti so pọ̀, wọnú, fínnífínní bó ṣe yẹ kó rí. Ti òsì, àwọn ìlà ara ẹ̀ yọ síta! Bíi ti àwọn kíìtì àtijọ́ tí Monogram ń ṣe láyé ọjọ́un. Ìyẹn ni pé kíìtì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti mú wọn wá, wọn ò gùn bákan náà, wọn ò sanra bákan náà, aláwọ̀ eérú ni ọ̀kan, ìkejì aláwọ̀ ewé. Wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀ kúrò lára sprue, wọ́n dà á sínú náílọ́ọ̀nù kan wuruwuru bí ẹ̀gúsí tí wọ́n ń tà ní kóńgò. Decal, ìyẹn àwòrán àmì àti nọ́ńbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara bàálù, ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bébà tó ń júwe bí wọ́n ṣe ń tò ó, fọ́tókọ́pì ni, àní fọ́tókọ́pì tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan gé.

Bọ́ọ̀lù irin tún wá dà? Tamiya máa ń fi bọ́ọ̀lù irin sínú kíìtì yìí fún ẹ láti fi mú iwájú ẹ̀ wúwo, torí táyà imú ló ń dúró lé, ẹ̀yìn ẹ̀ sì gùn, tí iwájú ò bá wúwo ńṣe ló máa fìdí jókòó. Kò sí nínú tiwa. Ohun tẹ́ ẹ lè tètè fi mọ̀ nìyẹn o, kódà kẹ́ ẹ tó sanwó: ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi bọ́ọ̀lù irin yẹn hàn yín nínú fọ́tò.

Ibi tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni ti fáànù, èyí tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rẹ́rìn-ín, inú ń bí mi mo sì ń rẹ́rìn-ín. Fáànù méjì P-38, ọ̀kan ń yí sọ́tùn-ún, ọ̀kan ń yí sósì ni, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí agbára ọ̀kan má bàa máa fa bàálù sápá kan. Nítorí náà abẹ wọn ò lè rí bákan náà, bí ẹni wo inú dígí ló yẹ kí wọ́n rí síra wọn. Méjèèjì tó wà nínú náílọ́ọ̀nù yìí, apá kan náà ni wọ́n jọ kọ sí. Mo ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí i, mo ní bọ̀ọ̀dá, kí lèyí? Kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ara tó yàtọ̀ síra wọn rárá, ti fáànù ló mú, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀, ti àwọn Britain nìyẹn, tiwọn apá kan náà ló máa ń yí."

Ẹ ò rí i pé ọmọ náà kàwé! Torí irọ́ tó ní òótọ́ díẹ̀ nínú ni. Ní 1940 ìjọba ilẹ̀ yìí kọwé sí Lockheed, ilé iṣẹ́ tó ṣe P-38, pé àwọn náà fẹ́, àwọn gan-an ló sọ ọ́ ní Lightning, èyí tí wọ́n wá ṣe fún wọn, fáànù ẹ̀ méjèèjì apá kan náà ló ń yí lóòótọ́. Mẹ́ta péré ló dé ibí fún àyẹ̀wò, wọn ò gbádùn ẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́, àwọn ará Amẹ́ríkà gba èyí tó kù. Ṣùgbọ́n ti Britain yẹn kò ní turbo. Turbo ni kíní roboto tó máa ń wà lókè ara gígùn yẹn lápá ẹ̀yìn ìyẹ́, òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè mí dáadáa tó bá gòkè réré. Mo bá bi í pé bọ̀ọ̀dá, tó bá jẹ́ ti Britain ni, kí ni turbo ń wá lórí méjèèjì, kí ló sì dé tí wọ́n fi kọ P-38F/G sára páálí? Ó kà á. Mo rí i pé ó kà á. Ó bá dínà mọ́ mi, ó dínà mọ́ ẹ̀gbọ́n n'Íbàdàn, ó dínà mọ́ àbúrò tó wà ní Leeds.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ẹ fetí sílẹ̀ níbí, torí mo gbà pé ìdí tó fi jẹ́ £45 àti £60 ló máa ń pè nìyí. Láti October 7, 2024 òfin ti wà níbí pé tí wọ́n bá fi jìbìtì gba owó lọ́wọ́ èèyàn láti báǹkì sí báǹkì, kí báǹkì dá a padà, ó lè tó £85,000. Ó dáa. Ṣùgbọ́n wọ́n gba báǹkì láyè láti yọ tó £100 nínú ohun tí wọ́n máa dá padà. £45 wá dà níbẹ̀? Ó ti wọ gàù. Kirẹ́díìtì káàdì náà, Section 75, òfin tó ń jẹ́ kí báǹkì tó ni káàdì dá owó padà fún ẹni tó rajà, tí gbogbo wa máa ń fi yangàn, ohun tí owó ẹ̀ bá ju £100 lọ ló wà fún. Àlàfo tó ń rìn láàárín ẹ̀ nìyẹn. Báǹkì àbúrò yọ £100 tiwọn lóòótọ́, kò ku nǹkan kan. A ṣì fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, nítorí àkọsílẹ̀.

PayPal ni kẹ́ ẹ lò, àmọ́ Goods and Services o, èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà rírà. Gbájúẹ̀ yìí máa ní kẹ́ ẹ fi Friends and Family, èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀rẹ́ àti ẹbí, san án, á ní kí PayPal má bàa yọ owó lórí òun, á tiẹ̀ bá yín dín pọ́n-ùn méjì kù. Ẹ má gbà. Friends and Family, kò sí ààbò kankan fún ẹni tó ń ra nǹkan níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi Goods and Services san án, 180 ọjọ́ lẹ ní láti fi ké gbàjarè, ìdí sì nìyẹn tí "ẹ má ṣí i" fi máa ń pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Mo gbọ́ látẹnu ẹlòmíì tó kó sí i lọ́wọ́ pé nígbà tóun ké sí i pé páàtì ò pé, ńṣe ló ń bẹ òun, ó ní òun ń wá sprue tó kù, ó ń bọ̀, ó ti wà lọ́nà, títí tí ọjọ́ yẹn fi pé.

Nítorí náà ọjọ́ tí ẹrù bá dé ni kẹ́ ẹ ṣí i. Náílọ́ọ̀nù kì í ṣe ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni ló lè ra náílọ́ọ̀nù tó ń súnkì kó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun gbóná sí i nínú kíṣìnì ẹ̀. Ẹ ka sprue mọ́ èyí tó wà nínú bébà àlàyé, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí wọ́n bá kọ ×2 sí dáadáa, torí bàálù ẹ́ńjìnnì méjì, sprue kan náà lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn olè sì fẹ́ràn kí wọ́n yọ ọ̀kan kí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀ fún yín. Ẹ wò ó bóyá orúkọ ilé iṣẹ́ wà lára sprue, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ plásítíìkì níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ń bá yín gba ẹrù níbí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ṣí i, kó tẹ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kó ya fọ́tò sí yín kó tó kó o sí bàgì. Kẹ́ ẹ tó sanwó rárá, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kọ orúkọ yín àti déètì sórí bébà kó gbé e sórí àwọn sprue kó yà á, fọ́tò tó jí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò lè ní orúkọ yín nínú.

Àwọn ìjẹ tó tún ń dẹ báyìí: OV-10 Bronco 1/32 ti Kitty Hawk. Ilé iṣẹ́ yẹn kógbá wọlé ní 2021, ẹni tó bá ń wá a máa ń sáré tó bá rí i, ó sì mọ̀. Ó tún ní Noratlas 1/72 ti Heller, ó ní decal Nigerian Air Force wà nínú ẹ̀ láti ilé iṣẹ́, torí ó mọ̀ pé àwọn ológun òfuurufú wa lo Noratlas rí, kò sì sí ọmọ Nàìjíríà tó ń to bàálù tí ìyẹn ò ní dùn mọ́. Ẹnì kan ní kó fi fọ́tò decal ọ̀hún han òun. Ó ní kámẹ́rà òun bàjẹ́, fóònù tó fi ń kọ̀wé ọ̀hún náà ni kámẹ́rà yẹn wà lára ẹ̀.

Orúkọ ń yí o, àmọ́ tábìlì ò yí. Nínú fọ́tò ẹ̀ tí mo ti rí, kọ́tìn-mátì aláwọ̀ ewé kan, ìyẹn mátì tí wọ́n ń gé páàtì lórí ẹ̀, ló máa ń wà lábẹ́ páálí, iná ti jó o ní kọ́nà lápá òsì, ojú iná yẹn dúdú roboto. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín pamọ́ kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, a ti ń kó wọn jọ fún ọlọ́pàá.

Ẹ̀gbọ́n n'Íbàdàn ṣì ń wá P-38G o. Ẹni tó bá ní èyí tó pé tó sì fẹ́ tà á, kó bá mi sọ̀rọ̀, bọ́ọ̀lù irin ni mo máa kọ́kọ́ béèrè.